Ilé Ẹ̀kọ́ Ìjọba àti Ọrọ̀ Ajé tó Dá Lórí Ìmọ̀: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí àti Olùkọ́ Máa Ń Bèèrè

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn ará wa tó wà lókè òkun máa ń bi mí nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá bá délẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn mi sì ti inú ohun tí mo fojú rí nínú kíláàsì àti ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ wá.

Kí ni à ń pè ní ọrọ̀ ajé tó dá lórí ìmọ̀?

Ọrọ̀ ajé dá lórí ìmọ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀, tí wọ́n sì lè fi ṣiṣẹ́, ló ń mú owó wọlé fún ìlú ju ohun tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ń po oògùn, ẹni tó ń yẹ ilẹ̀ oko wò kí àgbẹ̀ tó fi irúgbìn sí i, àti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ sólà ṣe, ìmọ̀ ni gbogbo wọn ń tà. Ilé iṣẹ́ Paystack, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2015 láti máa bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní oko, kò sì ní kànga epo kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ilé iṣẹ́ Stripe kéde pé òun fẹ́ rà á, iye tí wọ́n sì sọ pé ó jẹ́ lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là.

Ohun tí àwọn bàbá wa ní lọ́wọ́ nígbà tiwọn yàtọ̀ sí èyí. Owó kòkó àti owó orí ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù Kínní ọdún 1955. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 dé nǹkan bí 811,000. Oko ló bọ́ ilé ìwé láyé ìgbà náà. Lónìí tí owó oko àti owó epo kò ká a mọ́, ilé ìwé ni a fẹ́ kó bọ́ ìlú, ìdí nìyẹn tí ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ kò fi lè máa rí bó ṣe rí nígbà tí akọ̀wé ọ́fíìsì ni gbogbo òbí fẹ́ kí ọmọ òun dà.

Ṣebí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ti pọ̀ káàkiri, kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú lórí ti ìjọba?

Nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ẹni tí kò ní lọ́wọ́ wà. Ọmọ alátà, ọmọ ọlọ́kadà àti ọmọ alágbàṣe ní ọpọlọ bíi ti ọmọ ẹnikẹ́ni, ìlú tó bá sì jẹ́ kí ọpọlọ wọn ṣòfò ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da owó ara rẹ̀ nù. Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ ti ọdún 2004, èyí tí a mọ̀ sí UBE, sọ pé ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì pọn dandan fún gbogbo ọmọ. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ lè gba ìkìlọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó lè san owó ìtanràn ₦2,000, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan. Bí ìjọba bá wá fi òfin mú òbí pé kó mú ọmọ wá, ó di ọ̀ranyàn fún ìjọba pé kí ọmọ náà rí nǹkan gidi kọ́ níbi tí a mú un wá.

Ṣé kọ̀ǹpútà àti tábúlẹ́ẹ̀tì ni kí ìjọba kọ́kọ́ rà?

Rárá o. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn nínú, torí kọ̀ǹpútà ni nǹkan tó rọrùn jù láti kó síta fún àwọn oníròyìn láti yà.

Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan rí tí n kò ní dárúkọ. Kọ̀ǹpútà ogún ló wà nínú yàrá kan níbẹ̀, aṣọ funfun bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wáyà iná sì ti já láti ọjọ́ pípẹ́. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé yàrá yẹn, olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì ya máòsì kọ̀ǹpútà sójú pátákó, ó fa ìlà wáyà rẹ̀ gùn, ó kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní kí àwọn ọmọ dà á kọ. Wọ́n dà á kọ dáadáa. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà wáyà náà kó má bàa wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì fọwọ́ kan máòsì tó wà lábẹ́ aṣọ funfun. N kò dá olùkọ́ náà lẹ́bi, torí ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló lò.

Bí iná tilẹ̀ wà, tí yàrá sì ṣí sílẹ̀, kọ̀ǹpútà nìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Ilẹ̀ Peru pín kọ̀ǹpútà alágbèéká tó lé ní 800,000 fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí báǹkì ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yẹ ilé ẹ̀kọ́ 319 wò ní ìgbèríko ilẹ̀ náà, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2012, wọn kò rí i pé àwọn ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà mọ ìṣirò tàbí èdè ju àwọn tí kò gbà lọ. Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀: wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni kò yí padà.

Nílé níbí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde lọ́dún 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é, torí wọ́n ti kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá sínú rẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ronú bẹ́ẹ̀ mọ irú ìlú tí à ń gbé. Ṣùgbọ́n ìwé inú tábúlẹ́ẹ̀tì, ìwé náà ni. Ọmọ tí kò lè ka ìwé kó yé e lórí pépà kò ní lè kà á lórí gíláàsì.

Kí ló wá yẹ kó ṣáájú?

Kí ọmọ lè ka ìwé kó sì yé e kó tó kúrò ní ìwé kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó sì lè ṣe ìṣirò tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣàlàyé. Ohun gbogbo tó kù, títí dé sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà, orí èyí ló dúró lé.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tó wà ní ìwé kẹrin, tí mo ní kó ka àyọkà kan lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa àgbẹ̀ tó kórè gbágùúdá. Ó kà á geere, kò kọsẹ̀ níbì kan. Mo bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni àgbẹ̀ náà ṣe. Ó wo ilẹ̀. Mo tún un bi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyọkà náà láti òkè. Mo wá sọ fún un lédè Yorùbá pé ọ̀rọ̀ gbágùúdá ni ìwé náà ń sọ, mo sì bi í bí wọ́n ṣe ń fi gbágùúdá ṣe gààrí nílé wọn. Ojú ọmọ yìí là. Ó ní ìyá àgbà òun á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí kí omi rẹ̀ lè ro, bó bá ṣe ọjọ́ mélòó kan wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á sì yan án. Ó wá bi mí pé, “Tíṣà, ẹ ṣáà mọ̀ pé tí omi rẹ̀ ò bá tíì ro tán tí wọ́n bá ti lọ yan án, ńṣe ló máa dì?”

Ohun tí ọmọ yẹn sọ fún mi, sáyẹ́ǹsì ni. Ó mọ ìgbésẹ̀, ó mọ bí ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé èkejì, ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fo ọ̀kan, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Irú ọpọlọ tí ọrọ̀ ajé ìmọ̀ ń wá kiri nìyẹn, ó sì ti wà lórí àga ilé ẹ̀kọ́ wa láti ọdún mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè tó lè dáhùn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí.

Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí a máa fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a kò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dán an wò. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” tó wà ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ̀wọ́ kan nínú àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé nínú ìtàn yìí ni iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ìwé sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì ní orúkọ, wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Àwa wá fẹ́ èso láìgbin igi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ pé àwọn agbègbè tó ń fi èdè abínibí kọ́ni ló ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò gbà pé èdè ló jẹ̀bi. Kíláàsì tí kò ní ìwé kankan lédè Yorùbá, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ olùkọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá nínú ìṣirò, kò tíì fi èdè abínibí kọ́ni. Ńṣe ló kàn ń sọ Yorùbá.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wa gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun ni yóò fi bá ayé dòwò pọ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹni tó gbọ́ ọ dunjú fi kọ́ ọmọ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, dípò kí a máa fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀.

Àwọn olùkọ́ ńkọ́? Ṣé àwọn ni ìṣòro náà?

Láàárín ọdún 1955 sí ìsinsìnyí, kò sí àtúnṣe kan tó kẹ́sẹ járí láìjẹ́ pé olùkọ́ gbé e sórí. Ìwé ẹ̀rí NCE ni ó kéré jù tí òfin fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa kọ́ni, àjọ TRCN sì wà láti fi orúkọ olùkọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kì í wọ kíláàsì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tí wọ́n máa ń pè wá sí, tí a ó jókòó sínú gbọ̀ngàn, tí a ó gba báágì àti bírò, kì í yí ohunkóhun padà lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń yí olùkọ́ padà ni kí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù ú lọ wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, kó wò ó bó ṣe ń kọ́ni, kó bá a sọ ọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kó sì tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Ìpínlẹ̀ Ẹdó bẹ̀rẹ̀ EdoBEST lọ́dún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ EKOEXCEL lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ètò méjèèjì, wọ́n fún olùkọ́ ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí ohun tó máa kọ́ lójúmọ́ ti wà nínú rẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ. Ó wúlò púpọ̀ fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù mi ni fún olùkọ́ tó dáńgájíá, tí ọmọ bá bi í ní ìbéèrè tó dára, tó sì gbọ́dọ̀ gbójú fò ó nítorí ohun tí ẹ̀rọ ní kó sọ tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí a fi ààyè sílẹ̀ fún un.

Ṣé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2025 máa tún nǹkan ṣe?

Ó ní ibi tó dára. Lọ́dún 2011, wọ́n kó iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ẹ̀kọ́ girama àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò sì ní olùkọ́ tàbí irinṣẹ́ fún ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ti ọdún 2025 dín in kù sí mẹ́fà, lára wọn ni aṣọ rírán, ẹran sísìn, gbígbé ẹ̀rọ sólà kalẹ̀ àti títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Díẹ̀ tí ọwọ́ ká sàn ju púpọ̀ tó wà lórí ìwé lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní ìṣó, wáyà, mítà àti pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì lè kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ tó máa jẹ, kó sì tún fi kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ fíṣíìsì tó ń sá fún.

Ṣebí JAMB ti ń lo kọ̀ǹpútà, ìgbàlódé kọ́ nìyẹn?

JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò lọ́dún 2013, ó sì di dandan fún gbogbo ẹni tó ń ṣe é láti ọdún 2015. Ó ti mú kí èsì yá, ó sì ti dín àwọn èrú kan kù. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ṣì jẹ́ kí ọmọ mú A, B, C tàbí D, ohun tí ọmọ há sórí náà ni à ń wọ̀n. Ó tún dá ìṣòro tuntun kan sílẹ̀: ọmọ abúlé tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan máòsì ń bá ọmọ ìgboro tó ti ń lò ó láti kékeré du àyè kan náà. Ní ti èyí, yàrá kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣí.

Níbo ni owó máa ti wá?

Apá kan rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Òfin UBE ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, àjọ UBEC ló sì ń pín in. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba apá tó tóbi nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iye kan náà sílẹ̀ nínú owó tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti máa ń fà sẹ́yìn, tí bílíọ̀nù náírà á fi wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbà á. Ẹ bi àwọn aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bóyá ìpínlẹ̀ yín ti san tirẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sí àṣírí nínú rẹ̀.

Ṣé ẹ̀rọ onílàákàyè tó ń dáhùn ìbéèrè kò ní gba iṣẹ́ olùkọ́?

Láàárín ọdún 2024, Báǹkì Àgbáyé dán an wò ní Ìlú Benin. Àwọn ọmọ ọdún kìíní girama àgbà lò ó lẹ́yìn ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí nínú ètò náà lọ, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá ní gbogbo ìgbà, òun ló ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ohun tí wọ́n máa bèèrè, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n ronú lórí ìdáhùn tí wọ́n rí gbà. Ẹ̀rọ náà ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí kò lè kàwé kó yé e kò tilẹ̀ ní mọ ìgbà tí ẹ̀rọ bá parọ́ fún un.

Àwa tí a wà lókè òkun, kí la lè ṣe fún ilé ẹ̀kọ́ tí a ti jáde?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ di kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kọ̀ǹténà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ohun tí wọ́n nílò, ẹ sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ìgbà púpọ̀ ni yóò jẹ́ ìwé ìtàn tí ọmọ lè kà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, àga, ilé ìyàgbẹ́ tó ní omi, tàbí bátìrì sólà kan tó máa gbé iná yàrá kan. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti kọ̀ǹpútà lè kọ ìwé kékeré lédè Yorùbá lórí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Irú rẹ̀ wọ́n púpọ̀, àwọn ọmọ sì ń wá a.

Òbí ni mí, n kò kàwé púpọ̀. Kí ni mo lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí?

Lálẹ́ òní, ẹ ní kí ọmọ yín ka ojú ìwé kan sétí yín, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Ẹ kò nílò láti mọ ìwé kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ìtàn náà nítumọ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ láìfi ìbínú lọ. Bí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá sì dé, tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ owó tán, ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣí yàrá kọ̀ǹpútà kẹ́yìn, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.